Bàbá Ìgè Nínú Kásẹ́ẹ̀tì: Iṣẹ́ Rédíò àti Géèmù Tí Mo Fi Ayé Mi Ṣe ní Kabba

Ọpẹ́ ni n ó fi ṣíwájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ojú méjì tó ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́, lẹ́yìn tí mo ti fi wọ́n wo inú rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ géèmù fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Mo dúpẹ́ fún ọwọ́ tí iná mànàmáná kò gbà lọ. Mo dúpẹ́ fún ilé-ìwé ìjọ tí bàbá mi rán mi lọ, níbi tí tísà ti fi Sáàmù kọ́ mi ní ìwé kíkà, nítorí ìwé kíkà yẹn padà di oúnjẹ fún mi lọ́nà tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa kò rò. Tí n bá ní kí n ka oore Ọlọ́run tán, n kò ní lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó kù sílẹ̀ fún orí eékún mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń yà sílé mi, tí ẹ ń bi mí pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo ni ká kọ́?", ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Bí mo ṣe dénú iṣẹ́ kò gba àlàyé: bàbá mi mú mi lọ, ọ̀gá gbà mí. Owó ibẹ̀ bọ́ mi, ó sì rán àwọn ọmọ mi lọ sílé-ìwé. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Ọmọ Kabba ni mí, ṣùgbọ́n Ìsánlú ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá Sálíù tó kọ́ mi jẹ́ Mùsùlùmí tó ti pẹ́ ní Kàdúná kó tó padà wálé wá ṣí ṣọ́ọ̀bù rédíò. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, fìlà funfun kì í kúrò lórí rẹ̀. Tí inú bá bí i, Haúsá ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kí Yorùbá tó tẹ̀ lé e. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan rédíò kankan. Mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo sì ń ṣa nọ́ọ̀tì. Inú agolo mílíìkì kan la máa ń da gbogbo nọ́ọ̀tì tí a bá tú sí. Iṣẹ́ mi ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀: gígùn, kúkúrú, olórí pẹlẹbẹ, olórí ribiti. Tí mo bá ṣe é tán, ọ̀gá á wò ó, á mi orí, á sì tún da gbogbo rẹ̀ pọ̀.

"Tún un ṣà."

"Ọ̀gá, mo ṣà á dáadáa."

"Mo rí i. Ojú rẹ ló ṣà á. Mo fẹ́ kí ìka rẹ ṣà á."

Ìgbà tí mo di ojú tí mo sì ṣà á tán láìṣì, ìgbà náà ló tó fi rédíò lé mi lọ́wọ́. Òfin tó sì bá a wá kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Yọ bátìrì." Kí o tó fi áyọ́ọ̀nù, irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, kan ara ohunkóhun, yọ bátìrì inú rẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí n kò gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ títí tí mo fi ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Síbẹ̀, etí ọmọ kì í kún. Ní ọdún kejì mi, àgbẹ̀ kan láti Makutu gbé rédíò rẹ̀ wá. Wáyà kan ṣoṣo ló já. Mo ní kí ló dé tí n ó fi yọ bátìrì mẹ́fà nítorí wáyà kan. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sí i, èéfín rú, rédíò náà sì dákẹ́, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ọ̀gá kò nà mí. Ó fa àga, ó jókòó, ó ń wò mí.

"Haba, Sámú! Ta ló ni rédíò yìí?"

"Bàbá Makutu ni, ọ̀gá."

"Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Nígbà náà, èmi kọ́ ni n ó lọ sọ fún un. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹni tó ni ín. Máa lọ."

"Makutu? Lónìí yìí?"

"Àbí kí n lọ bá ọ yá ẹṣin ọba?"

Mo gbé rédíò náà rù, mo fẹsẹ̀ rìn ín. Mo bá bàbá náà nínú oko, ó ń kọ ebè. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ó wo rédíò, ó wo eruku tó bo ẹsẹ̀ mi dé orúnkún.

"Ẹsẹ̀ lo fi rìn wá sọ èyí fún mi?"

"Ẹsẹ̀ ni, bàbá."

"Jókòó, kí o jẹ iṣu. Ẹni tí yóò purọ́ kì í rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀."

Mo kó ẹ̀kọ́ méjì bọ̀ láti Makutu. Èkínní ni pé òfin bátìrì kì í ṣe eré. Èkejì ni pé ìtìjú tí ènìyàn bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá kì í pa á. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn, nítorí àwọn méjèèjì pàdé ara wọn lórí mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo padà sí Kabba, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Rédíò pọ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ìlú wa kan tó wá ṣe Kérésìmesì gbé ẹ̀rọ géèmù tí kò tan wá sọ́dọ̀ mi. Mo tún un ṣe. Ó ní kí n fi í sọ́dọ̀, kí n máa fi dán tẹlifíṣọ̀n àwọn oníbàárà wò. Kí oṣù náà tó parí, ẹnu ọ̀nà mi ti kún. Báyìí ni ilé géèmù mi ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan kùn nínú ìjọ. Pásítọ̀ wa wá fúnra rẹ̀, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó wòran títí.

"Sámú, ṣé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta?"

"Rárá, pásítọ̀."

"Ṣé wọ́n ń mutí níbí?"

"Ọtí kò wọ ibí, sà."

"Ó dára. Tì í ní àkókò ìsìn. Àti pé, kí ló dé tí ọ̀gbẹ́ni yẹn kò fò kọjá kòtò yẹn? Mo ti ń wò ó láti ìgbà tí mo ti jókòó."

N kò ṣí i ní àkókò ìsìn rí títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Bọ́ọ̀lù àti ìjà ni àwọn ènìyàn ń ṣe jù, ṣùgbọ́n géèmù onítàn ló gba ọkàn mi. Ti bọ́ọ̀lù, wọn á fọn fèrè, ó parí. Ti ìjà, ẹnìkan á ṣubú, ó parí. Ṣùgbọ́n nínú géèmù onítàn, ipò ẹlòmíràn lo máa bọ́ sí. Wàá mú ẹnìkan tí kò ní ju igi kan lọ́wọ́ kúrò ní abúlé rẹ̀, wàá sọ ọ́ lórúkọ, wàá bá àwọn ará ọ̀nà sọ̀rọ̀, wàá ra idà, wàá ṣubú, wàá dìde. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa lágbára, títí yóò fi lè dojú kọ ohun tó ń ba ayé jẹ́. Ó lè gba oṣù mẹ́ta. Ìwé kíkà ló sì kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Sáàmù tísà mi ti wúlò, nítorí èmi ni mo máa ń kà á, tí mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò kàwé.

Mo ní ìwé kan tí mo ti ń fi àwọn ẹ̀rọ náà wé ara wọn. Lábẹ́ orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ ìtàn tó ní sí, bí ó ṣe jinlẹ̀ tó, bí ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ ṣe lè ṣe é, àti ibi tó ń fi ìrántí, ìyẹn ibi tí ìtàn dé, pamọ́ sí nígbà tí a bá pa iná.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè, ike tí géèmù wà nínú rẹ̀, la kọ́kọ́ mọ̀. Ìtàn rẹ̀ kò pọ̀, ìrántí rẹ̀ kò sì sí rárá nínú èyí tó pọ̀ jù. Tí o bá fẹ́ dúró, á kọ ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn tó dúró fún ibi tí o dé sójú tẹlifíṣọ̀n, ìwọ á dà á kọ, lọ́la ìwọ á tún tẹ̀ ẹ́ sí i padà. Mo mọ bàbá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níwájú mi nítorí pé ìyàwó rẹ̀ fi ìwé tó kọ ọ́ sí pọ́n ẹ̀pà.

Èyí tó tẹ̀ lé e la ń pè ní Dúdú, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Géèmù onítàn rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n bíi ti ayò. O máa to àwọn ènìyàn rẹ sórí pápá, ẹni tó bá sì sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ á kú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn tí kò ní sùúrù, torí ó ń kọ́ wọn. Ìtàn inú rẹ̀ gan-an ni kò jinlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Eérú. Ibẹ̀ ni ìṣúra wà. Ìtàn tó ń mú ènìyàn ronú, orin tó dùn débi pé ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbọ́ ọ, á ní òun ń retí ọkọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé àlòkù ni púpọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, lẹ́tà àwọn ará Jàpáànù ló sì wà nínú àwọn kan. Àwọn yẹn, ìdánwò la fi ń mọ̀ wọ́n: tẹ ìlà kẹta, tí ara rẹ bá yá, oògùn ni.

Lẹ́yìn náà ni Pí-Ẹ́sì dé, onísídì. Tí a bá ń ka iye, òun ló borí gbogbo wọn láìjiyàn. Ìtàn kan lè gba sídì mẹ́ta, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fi àwòrán hàn bíi sinimá. Ìrántí rẹ̀ wà nínú káàdì kékeré tí ènìyàn lè fi sápò lọ sílé.

Tí ẹ bá bi mí pé èwo ló dára jù, n kò ní ṣiyèméjì: Eérú ni. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Wọ́n ní Pí-Ẹ́sì pọ̀ jù, mo ní òótọ́ ni. Wọ́n ní ó lẹ́wà jù, mo ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n káàdì tó wà nínú àpò rẹ, tìrẹ nìkan ni. Kásẹ́ẹ̀tì Eérú tí a fẹ́ràn jù kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ibi mẹ́ta péré ló sì ní láti fi ìrántí sí. Ìtàn mẹ́ta fún gbogbo Kabba! Ẹ ò rí i pé ó di dandan kí a ṣe é bí a ti ń ṣe oko. Àáró la fi ṣe é. Bí a ṣe ń ro tìrẹ lónìí, tèmi lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ṣe ń ní akọni kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ṣe tirẹ̀ tán á kọ ọ́ sínú ìwé tí mo so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ ibi tí iṣẹ́ dé.

Nínú àwọn tó ń ṣe àáró yìí ni Dáre tó jẹ́ tísà, àti Rópò tó jẹ́ télọ̀. Ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, agbo ilé kan náà ni wọ́n dàgbà sí. Bàbá wọn àgbà, Bàbá Ìgè, gbin oko kajú ńlá kan sí ọ̀nà Ayewa. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, bàbá Dáre àti bàbá Rópò, bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ààlà oko náà. Ìjà náà le débi pé wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn kò gbọdọ̀ kí ara wọn. Ní ilẹ̀ wa, kí ènìyàn méjì pàdé kí wọ́n má sọ "okun", ìkíni wa, síra wọn, ó wúwo ju èébú lọ.

Dáre ló kọ́kọ́ gba ibi kejì nínú kásẹ́ẹ̀tì Eérú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn ilé-ìwé ló ń wá. Orúkọ bàbá wọn àgbà, Ìgè, ló sì fún akọni rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Rópò wọlé.

"Bọ̀dá Sámú, ta ló ni ibi kejì yìí?"

"Dáre ni."

Ó wo orúkọ tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ kọ orúkọ mi sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni n ó máa wá."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Bàbá mi ní kí n má kí i. Wọn ò ní kí n má bá a ja dírágónì."

Láti ọjọ́ náà lọ, ìwé ẹsẹ̀ tábìlì di ibi tí wọ́n ti ń rí ara wọn. Dáre á kọ ọ́ pé: "Mo ti mú Bàbá Ìgè kọjá odò. Má wọ ihò apá òsì, ẹran ibẹ̀ le." Rópò á kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀: "Mo wọ̀ ọ́. Mo pa á. Tísà ojo." Dáre á ní: "Télọ̀ agídí. Ta idà àtijọ́ yẹn, kí o ra asà." Ọdún kan gbáko, wọn kò jókòó pọ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kò sọ̀rọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ kan ni mo rí èyí nínú ìwé náà. Dáre kọ ọ́: "Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ pín oko. Wọ́n ní àwọn ó gé àwọn igi àárín láti fi la ààlà. N ó dìde sọ pé kí wọ́n má pín in. Tí èmi nìkan bá sọ ọ́, wọn á ní mo ya òmùgọ̀." Rópò kò tíì dé lọ́sẹ̀ yẹn láti dáhùn. Mo kà á, mo sì gbàdúrà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà náà ni mo fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan, kásẹ́ẹ̀tì Eérú náà sì ń tan, ó ń kú. Tẹ́lẹ̀, òwú àti spírítì ni mo fi ń nu ẹnu rẹ̀. N kò tú ọ̀kan rí, nítorí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní orí àràmàǹdà kan tí irinṣẹ́ wa kò bá mu. Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọgbọ́n rẹ̀: mo yọ́ ìdí báírò lórí iná, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí nọ́ọ̀tì náà, ó sì di sùkúrù-díráfà. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ oyè. Ní Ọjọ́rú, mo tú kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo rí ibi tí lẹ́ẹ̀dì ti sán. Mo rí bátìrì pẹlẹbẹ kan bí owó kọ́bọ̀. Áyọ́ọ̀nù ti gbóná. Kí lẹ rò pé ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Sálíù máa ṣe? Mo yọ bátìrì. Mo jó lẹ́ẹ̀dì náà dáadáa, mo dá bátìrì padà, mo dé e. Ó tan kedere, n kò sì wo inú rẹ̀ síwájú sí i.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Rópò dé. Ó ka ohun tí Dáre kọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú báírò, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀: "Sọ ọ́. N ó dìde lẹ́yìn rẹ." Lẹ́yìn náà ló tan ẹ̀rọ. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣófo.

"Bọ̀dá Sámú, ẹ wá wo nǹkan." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Dáre ló wá kẹ́yìn, àbí?"

"Òun ni."

"Bàbá rẹ̀ ti rí i mú. Wọ́n ní kó pa á rẹ́, ó sì pa á rẹ́. Bàbá Ìgè! Ó pa bàbá wa rẹ́!"

"Rópò, ṣe sùúrù..."

"Sùúrù wo? Tó bá dìde lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni n ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in. Kí wọ́n gé gbogbo igi ibẹ̀ kúrò!" Ó fa ìlà gbọọrọ sórí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ó sì jáde.

Mo mọ̀. Kí ó tó sọ gbólóhùn kejì ni mo ti mọ̀ pé bátìrì yẹn ló ń di ìrántí mú. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò là. Gbogbo Kabba ló ń sọ pé ohun tí Sámú bá fọwọ́ kàn á yè, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ohun kan kú sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó rìn dé Makutu nítorí rédíò kan kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà láti pe ènìyàn padà.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, mo wọkọ̀ lọ sí Ìsánlú. Ọ̀gá Sálíù ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n agolo nọ́ọ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fìka ṣà á. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sì fi kún un pé, "Ọ̀gá, òfin yín ni mo tẹ̀ lé."

Ó ju nọ́ọ̀tì ọwọ́ rẹ̀ sínú agolo. "Haba! Bátìrì rédíò, kí ló ń bọ́?"

"Rédíò ni."

"Tí o bá yọ ọ́, kí ni rédíò á gbàgbé?"

"Kò sí, ọ̀gá. Kò ní ohun tó ń rántí."

"Rédíò alágogo ńkọ́, èyí tó ní bátìrì kékeré lábẹ́?"

Ọ̀gá ti kọ́ mi ní ti alágogo tẹ́lẹ̀. Tí o bá yọ bátìrì yẹn, aago á gbàgbé ara rẹ̀, nítorí náà a máa ń so tuntun mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a tó yọ ti àtijọ́.

"O mọ̀ ọ́n," ni ọ̀gá wí. "O kàn kò béèrè ohun tí bátìrì ń ṣe kí o tó yọ ọ́. Òfin mi kò sọ pé kí o má béèrè. Ta ló wá ni ohun tí o bà jẹ́?"

"Ìdílé kan ni, ọ̀gá."

"Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?"

Mo ti mọ ibi tó ń lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo padà sí Kabba.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo bá wọn lágbo ilé wọn. Àwọn bàbá méjèèjì jókòó ní ìkangun méjì, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn díẹ̀. Dáre ti dìde, ó ti sọ tirẹ̀, àwọn ènìyàn ń kùn. Rópò ń dìde, ojú rẹ̀ le.

"Okun o, ẹ̀yin àgbà," ni mo wí.

"Okun," ni bàbá Dáre dáhùn. "Sámú, ìpàdé ìdílé ni èyí o."

"Mo mọ̀, bàbá. Nǹkan ìdílé yín ni mo bà jẹ́."

"Kí lo bà jẹ́?"

"Bàbá Ìgè ni."

Wọ́n wo ara wọn. "Bàbá wa tó ti wà nínú ilẹ̀?" ni ẹnìkan wí lẹ́yìn. "Iṣẹ́ iná ti dé orí ọkùnrin yìí!"

Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: kásẹ́ẹ̀tì, ibi kejì, ìwé ẹsẹ̀ tábìlì, eruku, bátìrì. Mo kọjú sí Rópò. "Dáre kò fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ mi ni. Mo sì dákẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ dárí jì mí." Rópò jókòó padà.

Bàbá Dáre kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ àti Rópò? Fún odidi ọdún kan?"

"Ẹ ní ká má kí ara wa, bàbá. A kò kí ara wa."

"Kí wá ni bàbá mi ń ṣe nínú ẹ̀rọ yẹn?"

Rópò ló dáhùn, ohùn rẹ̀ kéré: "Wọ́n ń ja dírágónì, bàbá."

"Kí ni wọ́n fi ń jà á?"

"Idà ni. Àti asà tí Dáre ní kí n rà."

"Bàbá mi?" ni àgbàlagbà náà wí. "Bàbá mi tó máa ń sá fún alángbá?"

Ìgbà náà ni ẹ̀rín bú jáde láti ìkangun kejì. Bàbá Rópò ni. Ó gbìyànjú láti dì í mọ́nú, kò ṣeé dì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n gun igi kajú nítorí alángbá, tí wọn ò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́?"

Ó ti pé ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ọ kó pè é ní ẹ̀gbọ́n. Bàbá Dáre nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí agbádá. N kò lè sọ bóyá ẹ̀rín ló ń nù tàbí omijé.

"Ibo ni wọ́n dé kí wọ́n tó parẹ́?" ni ó béèrè.

"Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ẹnubodè ìkẹyìn, bàbá," ni Dáre wí.

"Ẹ lọ dá wọn padà síbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ká wá jókòó sọ̀rọ̀ ìpín. N kò lè pín oko bàbá mi nígbà tí bàbá mi kò sí nílé."

Báyìí ni Dáre àti Rópò ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀bù mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìwé ẹsẹ̀ tábìlì ni wọ́n fi ṣe atọ́nà, torí gbogbo ìṣísẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àti gbogbo èébú. Àwọn tó ni ibi kìíní àti ìkẹta bú mi dáadáa, ó tọ́ sí mi, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ lọ, kajú pọ́n. Kò sí ààlà, nítorí náà gbogbo ilé ni wọ́n jọ lọ ṣa á. Nígbà tí òjò kejì rọ̀, Bàbá Ìgè ti dé ìlú tó kángun sí ẹnubodè ìkẹyìn, ó ń sùn ní ilé àlejò ibẹ̀. Ó ku ìrìn ọjọ́ kan péré kó dé ibi tó wà kó tó parẹ́.

Dáre mú páàdì tí a fi ń darí géèmù, ó wo Rópò. Rópò wo ojú tẹlifíṣọ̀n títí.

"Tísà, ó jọ pé ó rẹ Bàbá."

"Ó rẹ̀ wọ́n lóòótọ́," ni Dáre wí. "Jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀."

Wọ́n fi ìrántí pamọ́ síbẹ̀, wọ́n sì pa iná. Títí di òní, Bàbá Ìgè kò tíì kúrò nílé àlejò náà. Lọ́dọọdún, tí kajú bá fẹ́ yọ òdòdó, bàbá Dáre, nígbà tó wà láyé, á rán sí mi pé, "Ṣé bàbá mi ti dé?" Èmi á ní, "Ó kù díẹ̀, bàbá." Òun á ní, "Ó dára. Kí wọ́n má kánjú." Òtítọ́ ni mo ń sọ, ó kù díẹ̀ lóòótọ́. Àwọn àgbà méjèèjì ti sùn nínú Olúwa báyìí, Dáre àti Rópò ti hu irun funfun, oko náà ṣì wà ní odidi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní iṣẹ́ kan tí kò sí nínú iṣẹ́ tí mo kọ́: bátìrì kásẹ́ẹ̀tì yẹn kò gbọdọ̀ kú. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa ń so tuntun mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́, kí méjèèjì jọ gbé ẹrù náà fún ìṣẹ́jú kan, kí n tó yọ èyí tó ti rẹ̀.

Irinṣẹ́ ti yí padà. Gbogbo géèmù onítàn tí Dúdú, Eérú àti Pí-Ẹ́sì ní ló ti wà nínú fóònù kan báyìí, ẹ sì lè fi ìrántí sí ibi tó wù yín, ìgbà tó wù yín. N kò bú u. Èmi náà ní in, mo ń fi í ka ìtàn tí mi ò rí parí nígbà náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, ẹ wá ọ̀gá tó le. Ẹ pa òfin rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì béèrè ohun tí òfin náà ń ṣọ́. Abéèrè kì í ṣìnà.

Fúnmi, obìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà nísinsìnyí. Kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, mo ní kó pààrọ̀ bátìrì Bàbá Ìgè lójú mi. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó sì tún gbé e sílẹ̀.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi. Kí ni bátìrì yìí ń bọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi mọ̀ pé mo lè lọ sílé. Ó so tuntun mọ́ àtijọ́, ó yọ àtijọ́, ó tan ẹ̀rọ. Bàbá Ìgè ṣì ń sùn.

Ìwọ tó ka èyí dé ìsàlẹ̀, kí Ọlọ́run fún ọ ní ọ̀gá tí yóò le mọ́ ọ fún ire rẹ. Kí ẹnu rẹ má wúwo lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ bá ṣì. Kí ohun tí àwọn bàbá rẹ gbìn má ṣe pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ lójú rẹ. Nígbà tí agbára rẹ bá sì ń tán lọ, kí ẹni tuntun ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí ohunkóhun tó o gbé dání má parun. Okun o. Àmín.